Ohun Tí Mo Kọ́ Lọ́dọ̀ Ẹ̀rọ Wíìfìn

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wíìfìn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń hun etí aṣọ kí ó má baà tú, ló wà nílé àwọn tó ń ránṣọ fún ara wọn àti fún ọmọ wọn, tí wọ́n faṣọ bò mọ́lẹ̀, tí eruku sì ti gba orí aṣọ náà. Ẹni tó ni ín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó rà á, ó ti òwú bọ̀ ọ́, òwú já, ó tún un tì, ó tún já, ó bá gbà pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Tèmi náà jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ nínú yàrá mi n'Íbàdàn, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun kan tó ṣe é. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ ìdààmú tí n kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí n tó ní tèmi, ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọjà àdúgbò wa ni mo máa ń kó aṣọ lọ. Ẹ̀rọ dúdú kékeré olówú mẹ́ta, irú èyí tó kún ọwọ́ àwọn télọ̀ káàkiri, ló fi ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, owó tó ń gbà kò sì wọni lára. Àmọ́ bí Iléyá tàbí Kérésì bá ti sún mọ́lé, èrò á kún ibẹ̀ fọ́fọ́, aṣọ tí mo kó lọ láàárọ̀ á wà nílẹ̀ dalẹ́. Ti aṣọ òkè ló máa ń dùn mí jù. Bí sísọ́ọ̀sì bá ti kàn án báyìí, òwú etí rẹ̀ kò ní dúró mọ́. Kí n tó ká a, kí n tó gbé e dé ọjà, kí ó tó kàn mí, á ti tú kọjá ibi tí mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gbà. Mo wá pinnu pé n ó ní tèmi nílé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló fi í ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀rọ funfun kékeré ni, olówú mẹ́rin, wọ́n sì fi àwọ̀ mẹ́rin sàmì sí ọ̀nà tí òwú kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ayọ̀ kò jẹ́ kí n wo abẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ 120V síbẹ̀ gàdàgbà. Irú iná tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 sí 240. Mo so ó mọ́ iná, mo fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, ẹ̀rọ náà han gooro, ó sáré bí ẹni pé wọ́n ń lé e, òórùn rọ́bà jíjó sì gba gbogbo yàrá.

Bàbá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe tú u síwájú mi. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ̀rọ yìí ò ṣẹ̀ yín o. Iná tó ju agbára rẹ̀ lọ lẹ fún un."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?"

Ó ṣeé tún ṣe. Mọ́tò àti pẹ́dà ló jó, inú ẹ̀rọ gan-an kò fara pa. Ó bá mi wá mọ́tò tó lè gba iná wa, ó sì dè é mọ́ ọn. Owó tí mo san lọ́jọ́ náà ì bá ra tiransífọ́mà tó ń sọ 240 di 110, kí ó sì ṣẹ́kù. Ẹ̀yin tí ẹbí yín ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀ tó ti Japan wá, níbi tí iná wọn kò ti ju 100 lọ, ẹ yí ẹ̀rọ náà padà kí ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wá ojú iná. Èyí tó bá ti London wá kò ní yọ yín lẹ́nu ní ti èyí, nítorí iná wọn kò jìnnà sí tiwa. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tiransífọ́mà, ẹ wo iye wọ́ọ̀tì tí ẹ̀rọ yín ń jẹ, kí ti tiransífọ́mà jù ú lọ dáadáa.

Lẹ́yìn iná, òwú ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rọ náà tọrẹ.

Ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo mọ̀ láti kékeré, òwú òkè kan àti bọ́bìnnì kan ló ní. Èyí kò ní bọ́bìnnì rárá. Òwú méjì ń wọ abẹ́rẹ́ méjì tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òwú méjì tó kù ń wọ lúúpà, ìyẹn irin méjì tó tẹ̀ kọrọdọ, tí ọ̀kan ń gba òkè aṣọ, tí èkejì ń gba abẹ́ rẹ̀. Lúúpà ìsàlẹ̀ ló ń gba òwú lọ́wọ́ abẹ́rẹ́, tòkè á gba ti ìsàlẹ̀, abẹ́rẹ́ á sì tún sọ̀kalẹ̀ wá gba tòkè. Bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn yípo nìyẹn tí etí aṣọ fi ń di híhun. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn nígbà tí a ń ti òwú bọ̀ wọ́n ló ṣe kókó jù.

N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Mo ti òwú bọ̀ wọ́n bí mo ṣe rí àyè, ẹ̀rọ rán nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan, òwú lúúpà ìsàlẹ̀ já. Mo tún ìyẹn nìkan tì, mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó tún já lójú ẹsẹ̀. Mo pààrọ̀ òwú. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Mo dín tẹ́ńṣọ̀n kù, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń di òwú mú le tó. Ọrùn ń ro mí, ojú ń ṣomi nítorí ihò kékeré tí mo ń wò nínú ìbòòji ẹ̀rọ. Ohun tó le jù níbẹ̀ ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí kò tíì wọ̀ mí lára rárá. Mo faṣọ bo ẹ̀rọ náà, mo sì padà sídìí kíkó aṣọ lọ sọ́jà.

Ìyá oníwíìfìn yẹn ló tú mi sílẹ̀. Mo ń ṣàròyé fún un, ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, ó ní, "Ọmọ mi, nígbà tí ti ìsàlẹ̀ já tí o tún un tì, ṣé òwú ṣì wà lójú abẹ́rẹ́?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Ibẹ̀ ló ti ń já. Kọ́kọ́ fa òwú abẹ́rẹ́ jáde. Ti òwú bọ lúúpà ìsàlẹ̀, kí o tó wá dá ti abẹ́rẹ́ padà."

Bí òwú abẹ́rẹ́ bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ó lè ti ká mọ́ lúúpà ìsàlẹ̀. Èyí tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tì á wá dábùú rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì fa ara wọn já. Lórí ẹ̀rọ tèmi, lúúpà òkè ló ń ṣáájú, lúúpà ìsàlẹ̀ á tẹ̀ lé e, abẹ́rẹ́ á kẹ́yìn. Ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá ni kí ẹ tẹ̀lé ní ti lúúpà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kẹ́yìn.

Ohun kejì tó tún ń dà mí láàmú kéré lójú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè kí ẹ tó ti òwú kankan bọ̀ ọ́. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bí ẹsẹ̀ náà bá wà nílẹ̀, àwo kékeré méjì tó ń di òwú mú á ti pa dé, òwú á kàn dùbúlẹ̀ sórí wọn láìwọ àárín. Ẹ lè yí tẹ́ńṣọ̀n dé 9, kò ní ràn án. Bí ẹ bá ti òwú tán, ẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi ìka fa òwú kọ̀ọ̀kan wò. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́ jà yín níyàn díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀, ẹ kò nílò láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gé òwú àtijọ́ nítòsí kóònù rẹ̀, ẹ so tuntun mọ́ ọn, ẹ yí tẹ́ńṣọ̀n sí 0, ẹ wá rọra fà á títí yóò fi jáde níwájú. Kókó yẹn á gba inú lúúpà kọjá, àmọ́ kò ní gba ojú abẹ́rẹ́, ẹ ó gé e ṣáájú ibẹ̀, ẹ ó sì fọwọ́ tì í. Ó rọrùn, ó sì dára. Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn nìkan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí n kò ní aṣọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo fa gbogbo òwú náà jáde pátá, mo mú ẹmú tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ẹ̀rọ wá, mo sì ń tì í, mo ń tú u, mo tún ń tì í, títí ọwọ́ mi fi ń lọ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ìbẹ̀rù kúrò lára mi. Ẹni tó bá dúró di àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ kó tó kọ́ ọ yóò sunkún.

Àwọ̀ ló tún là mí lójú lẹ́yìn èyí. Mo ra òwú mẹ́rin tí wọn kò jọra rárá: pupa fún abẹ́rẹ́ òsì, dúdú fún tọ̀tún, búlúù fún lúúpà òkè, yẹ́lò fún ti ìsàlẹ̀. Mo gé aṣọ ibùsùn funfun kan tó ti gbó sí wẹ́wẹ́, mo sì ń rán etí rẹ̀. Bí búlúù bá ṣẹ́rí sí abẹ́ aṣọ, lúúpà òkè ló tú jù, tàbí kó jẹ́ pé ti ìsàlẹ̀ ló le jù. Bí yẹ́lò bá gun orí aṣọ wá, òdìkejì rẹ̀ ni. Etí aṣọ gan-an ló yẹ kí àwọn méjèèjì ti pàdé. Bí mo bá so aṣọ méjì pọ̀, tí mo fọwọ́ méjèèjì fà á sọ́tọ̀, tí pupa wá ń yọ lójú rírán bí igi àkàbà, abẹ́rẹ́ òsì ló ń fẹ́ kí n le tẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ sí i. Bí etí aṣọ bá ká kòó sínú, lúúpà ló ń fún un lọ́rùn. Mo máa ń yí ẹyọ kan ṣoṣo, n ó tún rán, n ó wò, kí n tó kan òmíràn. Báírò ni mo fi kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sára àwọn àkísà náà: irú aṣọ, tẹ́ńṣọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gígùn ojú rírán. Wọ́n ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo sì ń yẹ̀ wọ́n wò dòní.

Àwọ̀ mẹ́rin yìí náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú iṣẹ́ ẹ̀rọ wíìfìn. Mo ti fi réésà ha etí aṣọ kan títí tó fi ya. Òwú abẹ́rẹ́ nìkan ló yẹ kéèyàn wá. Bí ẹ bá ti rí i, tí ẹ gé e lójú méjì mẹ́ta, tí ẹ fà á yọ, òwú lúúpà á ṣí kúrò fúnra wọn.

Ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí fún. Ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà ni ìdílé Merrow ti ṣe é ní àwọn ọdún 1880, àwọn ará Japan ló sì wá ṣe èyí tó kéré tó tábìlì ilé ní àwọn ọdún 1960. Ó kéré, ṣùgbọ́n ìwà fákítọ̀rì ṣì wà lára rẹ̀. Ó ń sáré, ó sì ń fi ọ̀bẹ tó wà lára rẹ̀ gé etí aṣọ bó ṣe ń rán. Ọ̀pọ̀ èyí tí a ń lò nílé lè gún aṣọ tó ìgbà 1,300 ní ìṣẹ́jú kan. Kí ojú tó rí ohun tí ọ̀bẹ ń ṣe, ó ti ṣe é.

Bùbá ànkárá ọmọ mi ni mo fi mọ èyí. Mo ń wíìfù abẹ́ apá rẹ̀, ìtẹ́lẹ̀ ẹ̀yìn bùbá náà ṣẹ́ po wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ọ̀bẹ gé e lọ gbọọrọ. Aṣọ tí mo ti rán tán ni, ọrùn ti dé, kò ku nǹkan kan mọ́. Mo jókòó, n kò lè sọ̀rọ̀. Mo fi àpò méjì bo ojú ibẹ̀, ọmọ náà fẹ́ràn àpò náà, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí i. Láti ìgbà náà, kí ẹsẹ̀ mi tó kan pẹ́dà, ọwọ́ òsì mi á gba abẹ́ aṣọ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, pẹ̀lú ìka nínà, kí n lè mọ̀ dájú pé ìpele aṣọ méjì tí mo fẹ́ rán ló wà níbẹ̀, kò sí ìkẹta. Mo máa ń tún un ṣe ní gbogbo ibi tí aṣọ bá ti yípo: abẹ́ apá, itan ṣòkòtò, ọrùn. N kì í sì jẹ́ kí píìnì sún mọ́ ọ̀bẹ. Bí aṣọ bá ń yọ̀, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo fi ń rán an pọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ná.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ yìí tún ní apá kan tí n kò rí níbi tí àwọn òyìnbó ti ń kọ́ni ní wíìfìn. Wọ́n á ní ẹ so aṣọ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀rọ rán an, kó hun ún, kó gé ìyókù dànù. Ó yá, ó sì mọ́ lójú. Mo rán aṣọ léèsì Màámi bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí inú rẹ̀ síta, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán, wọ́n ní, "Àyè tí mo máa tú bí mo bá sanra ńkọ́?" Kò sí àyè. Ó ti wà nínú garawa ìdọ̀tí. Aṣọ tiwa kì í ṣe ohun tí a ń wọ̀ fún ọdún kan jù nù. Ìyá á wọ̀ ọ́, wọ́n á tú u fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n á dín in kù fún àbúrò. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni pé bí mo bá ti gé aṣọ tán, mo máa ń pa ọ̀bẹ dé, n ó wíìfù etí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn náà ni n ó wá fi ẹ̀rọ ìránṣọ gidi so wọ́n pọ̀, n ó fi àyè sílẹ̀ nínú, n ó sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ sọ́tọ̀. Aṣọ ọmọdé tí wọ́n ń wọ̀ sùn àti aṣọ tó ń fà bíi ti síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo ń so pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sì ta ẹ̀rọ ìránṣọ yín nítorí pé ẹ ra wíìfìn o. Kò lè rán síìpù, kò lè ṣe ojú bọ́tìnnì.

Aṣọ kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó fẹ́. Ànkárá kò le, kò rọ̀, ó máa ń gbọ́rọ̀ sí ẹ̀rọ lẹ́nu: gígùn ojú rírán 2.5, kí ohun tó ń yí bí eyín abẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń fa aṣọ wà ní 1. Aṣọ tó ń fà máa ń rí wérewère létí bí a bá rán an bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ sí 1.5, nígbà míì 2, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Sífóònù ní tirẹ̀ máa ń súnkì, mo dá a padà sí 0.7, mo yọ abẹ́rẹ́ òsì kúrò kí ìbú rẹ̀ lè kéré, mo sì lo abẹ́rẹ́ tín-ínrín. Aṣọ òkè tó gbé mi dé ìdí ẹ̀rọ yìí kò fẹ́ ìdúró: mo gé, mo wíìfù lójú ẹsẹ̀, òwú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú gígùn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí pẹ́dà. Léèsì olókùúta ni kí ẹ bẹ̀rù. Òkúta kan ṣoṣo tó bá bọ́ sábẹ́ ọ̀bẹ lè mú kí ẹnu rẹ̀ kú, tàbí kó ṣẹ́ abẹ́rẹ́ sókè sí ojú èèyàn. Mo máa ń fi ẹmú fọ́ gbogbo òkúta tó wà létí kúrò, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Ìparí ojú rírán náà fẹ́ àmójútó, nítorí ẹ̀rọ yìí kì í padà sẹ́yìn. Ìrù òwú tó bá ṣẹ́kù, bí ẹ bá gé e mọ́ aṣọ, á tú lẹ́yìn ìfọ̀ díẹ̀. Mo ń fi abẹ́rẹ́ olójú ńlá ti ìrù náà padà sínú ojú rírán tó nǹkan bí ínṣì kan, kí n tó gé e.

Bí mo bá ti ránṣọ tán, mo ń ṣí iwájú rẹ̀, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá òwú wẹ́wẹ́ tó kún ibẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó pọ̀ ju ti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ fíìfíì, ọ̀bẹ ló ń ṣe é. Òróró ẹ̀rọ nìkan ni kí ẹ kán sí i, níbi tí ìwé bá ní kí ẹ kán an sí. Òróró ìdáná á lẹ̀ mọ́ ọn lára ni.

Ẹni tó bá ń lọ ra tòkunbọ̀, kí ó mú aṣọ tirẹ̀ dání, ànkárá kan àti aṣọ tó ń fà kan, pẹ̀lú òwú. Kí ó wo irú abẹ́rẹ́ tó ń lò, kó sì bèèrè bóyá wọ́n ń tà á ládùúgbò, nítorí wíìfìn kan kì í lo abẹ́rẹ́ wíìfìn mìíràn dandan. Kí ó wá nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó fi rí ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ìwé náà kò bá sí. Àwọn tó ń tà á máa ń ti òwú bọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì kékeré kan fún yín, ó sì máa ń dára lójú. Ẹ fa òwú náà jáde pátápátá níwájú wọn, kí ẹ tún un tì fúnra yín, kí ẹ sì rán aṣọ tí ẹ mú wá. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ kí ẹ fa òwú rẹ̀ jáde, ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún un.